Orí Kẹfà: Hándù àti Lọ́ọ̀kì Ìlẹ̀kùn, àti Bí A Ṣe Ń Fi Wọ́n Sípò ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Àwọn baba wa tí wọ́n pa á lówe pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, ilé alámọ̀ ni ojú wọn ń wò nígbà náà. Bí wọ́n bá jí dìde lónìí, tí wọ́n sì gba títì Èkó sí Àgbádárìgì kọjá, tí wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí a rẹ́ tinú-tòde, tí a kùn ní ọ̀dà títí ó fi ń dán bí dígí, síbẹ̀ tí hándù ìlẹ̀kùn àbáwọlé rẹ̀ ń mì bí eyín arúgbó, wọn ì bá tún òwe náà pa, wọn ì bá ní ògiri ti panu mọ́ láyé ọ̀làjú, ìlẹ̀kùn ni ó kù tí ó ń lanu.

Ìlẹ̀kùn kì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ Yorùbá. Ọlọ́wẹ̀, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin kan fún Ògògà Ìkéré, èyí tí àwọn òyìnbó gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá wọn ní Wembley ní ọdún 1924, tí ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní olónìí. Irú ìlẹ̀kùn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ní híńjì: láti ara pákó náà gan-an ni a ti ń gbẹ́ ṣóńṣó kan sókè àti ọ̀kan sísàlẹ̀, tí a ó fi wọ inú ihò kí ìlẹ̀kùn lè máa yí. Gbogbo ayé ni ó ń wo ọnà ojú ìlẹ̀kùn. Ta ni ó ń wo ṣóńṣó? Bẹ́ẹ̀ ni ṣóńṣó ni gbogbo ìwúwo ọnà náà dúró lé. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí orí ìwé yìí fẹ́ kọ́ wa ti rí gan-an nìyẹn. Kì í ṣe dídán hándù ni ó ń ṣọ́ ilé, bí kò ṣe ihò tí a gbẹ́ sínú igi àti férémù tí ó ń gba ahọ́n lọ́ọ̀kì, èyí tí onílé kì í rí lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ tí a wà, àti ohun tí ó ń ṣe sí igi

Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, ọmọ onílẹ̀, ọmọ etí ọ̀sà. Omi ni ó wà níwájú rẹ̀, òkun sì wà lẹ́yìn omi náà. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ibẹ̀ wá sí Ìbà àti Òkókómáíkò kì í wá lọ́wọ́ òfo: ó ń gbé ọ̀rinrin wá, ó sì ń gbé iyọ̀ wá. Ọ̀rinrin ni ó ń wú igi, iyọ̀ ni ó sì ń jẹ irin. Igi tí a là, tí a fá, tí a kùn, ẹ má rò pé ó ti kú tán; ó ṣì ń mu omi ní àsìkò òjò, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, ó sì ń pọ̀ ọ́ jáde nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ìlẹ̀kùn kan náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀n kan náà ní ìgbà méjèèjì.

Mo fi ojú ara mi rí èyí ní Ẹ́sítéètì Ìbà, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí a kọ́ láyé ìjọba Lateef Jakande. Ìyá àgbà kan ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà ní oṣù kẹfà pé ìlẹ̀kùn yàrá òun ń há. Ọkùnrin náà tú ìlẹ̀kùn, ó fá etí rẹ̀ títí ó fi wọlé wẹ́rẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi náà sún kì. Àlàfo tí ìka ọwọ́ ọmọdé lè gbà kọjá yọ láàárín ìlẹ̀kùn àti férémù, ahọ́n lọ́ọ̀kì kò dé ihò rẹ̀ mọ́, atẹ́gùn òru sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ni ìyá bá tún pe kápẹ́ńtà.

“Ọmọ mi, wá sọ fún mi, ṣé olè ni àbí iwin?”

“Ẹ má bínú, màmá. Ọyẹ́ ni, mà.”

“Ọyẹ́ kọ́. Ìfági rẹ ni.”

Ìyá ni ó jàre. Ohun tí ó yẹ kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò ni híńjì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìlẹ̀kùn bá ń há lókè ní ìhà hándù, ìṣó onílílọ́ inú híńjì òkè ni ó ti dẹ̀, tí ìlẹ̀kùn fi sọ orí kọ́. Bí a bá fi èyí tí ó gùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ìlẹ̀kùn yóò padà sí àyè rẹ̀ láìfá ohunkóhun kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni igi wú, kí a fá a níwọ̀nba, kí a fi àlàfo bíi mílímítà 3 sílẹ̀ yíká, kí a sì ti ọ̀dà tàbí fáníìṣì bọ orí àti ìdí ìlẹ̀kùn, níbi tí ojú kì í dé, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọ inú igi jù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Irú èyí tí a lè rà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni hándù kì í ṣe irú kan. Ìkíní ni hándù róbótó, tí a máa ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì mú tí a sì ń yí. Ó rọrùn láti fi sípò, ó sì tó fún ìlẹ̀kùn yàrá inú ilé. Ìkejì ni hándù gbọọrọ, tí a máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀, tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ àpótí irin tí a ń rì sínú igi. Òun ni ó yẹ ìlẹ̀kùn àbáwọlé. Ìkẹta ni lọ́ọ̀kì tí a ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn láìgbẹ́ igi púpọ̀, èyí tí ó ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìjọba tí ọjọ́ ti pẹ́ lórí wọn.

Bí àgbàlagbà bá wà nínú ilé, tàbí ìyá tí ó ń pọn ọmọ tí ó sì gbé garawa omi lọ́wọ́, hándù gbọọrọ ni kí a rà, nítorí pé ìgbọ̀nwọ́ lásán lè ṣí i, nígbà tí hándù róbótó ń fẹ́ ọwọ́ gbígbẹ tí ó sì lágbára. Ìlú Vancouver ní Kánádà tilẹ̀ fi èyí ṣòfin: láti ọdún 2014, hándù gbọọrọ ni wọ́n ní kí a máa fi sí ilé tuntun, kí arúgbó àti aláàbọ̀ ara má baà dúró níwájú ìlẹ̀kùn ilé ara wọn bí àlejò.

Ọjà Alábà International tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ná wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà ẹ̀rọ oníná ni orúkọ rẹ̀ dá lé; ẹni tí ó bá ń wá ohun ìkọ́lé ní ọ̀pọ̀ yanturu a máa lọ sí ọjà Odúnadé ní Orílé, ẹni tí ó bá sì ń wá ẹyọ kan tàbí méjì a rà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Ibi yòówù kí a ti rà á, kí a rántí pé gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo hándù ni ó ń dán lórí àtẹ. Kí a gbé e lọ́wọ́: idẹ gidi a máa wúwo ju ayédèrú tí a kàn rẹ ní omi wúrà lọ. Kí a mú òòfà lọ́wọ́ pẹ̀lú: bí ó bá fà mọ́ hándù tí wọ́n pè ní idẹ gan-an, irin lásán ni a fi aṣọ idẹ wọ̀. Nítòsí omi iyọ̀ bí tiwa yìí, idẹ tàbí irin tí kì í dípata ni kí a náwó sí. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á.

Ìlẹ̀kùn náà ní tirẹ̀ láti sọ. Èyí tí a fi ìrókò, àpá tàbí ọ̀gànwó ṣe kò ní ìṣòro, igi ni láti ìhín dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ tí kò gbówó lórí, ìwé àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é fi ìtì igi sí fún lọ́ọ̀kì, wọ́n a sì máa sàmì sí ibẹ̀ nígbà mìíràn. Kí a fi orí ìka kan ìlẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a sì tẹ́tí. Ibi tí ó bá dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n, òfo ni. Ibi tí ó bá dún kó, ibẹ̀ ni igi wà, ibẹ̀ sì ni kí a gbẹ́.

Ìwọ̀n mẹ́rin tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé bí a bá ń lọ sí ọjà

Kí a kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé kí a tó jáde nílé. Ìkíní, ìnípọn ìlẹ̀kùn, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín mílímítà 35 sí 45. Ìkejì, bí ó ti jìnnà tó láti etí ìlẹ̀kùn dé àárín ihò hándù. Fún hándù róbótó, 60 tàbí 70 ni ó wọ́pọ̀. Ìkẹta, bí ó bá jẹ́ pé lọ́ọ̀kì àtijọ́ ni a fẹ́ pààrọ̀, bí ó ti jìnnà tó láti àárín ọ̀pá hándù dé àárín ojú kọ́kọ́rọ́: 72, 85 àti 92 ni ó pọ̀ lọ́jà, ẹni tí ó bá sì ra 85 sí ojú ihò 72 yóò gbẹ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ di ajere. Ìkẹrin, ìhà tí ìlẹ̀kùn ń ṣí sí, ọ̀tún tàbí òsì, inú tàbí òde, nítorí pé ojú dídagun ahọ́n lọ́ọ̀kì ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ kan férémù nígbà tí a bá ń tì í. Àwọn lọ́ọ̀kì kan wà tí a lè yí ahọ́n wọn padà; kí a bi ọlọ́jà kí a tó sanwó.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: téèpù, pẹ́ńsù, sùkúwíà, ọ̀bẹ mímú, òòlù, ṣísẹ̀lì méjì tí ó mú bí abẹ, ẹ̀rọ ìlu tí ń lo bátìrì nítorí iná ọba tí kò ṣeé gbọ́kàn lé, àti irin ìyíṣó. Ṣísẹ̀lì tí ó kújú ni ó ń ya igi, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́. Kí a pọ́n ọn kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ Ògún Lákáayé ni a fẹ́ ṣe, Ògún kì í sì í fẹ́ irin tí kò mú.

Bí a ṣe ń rì lọ́ọ̀kì hándù gbọọrọ sínú ìlẹ̀kùn

Kí a fi èèkàn igi há ìdí ìlẹ̀kùn kí ó má baà máa rìn. Kí a wọn gíga hándù láti ilẹ̀: bíi mítà kan ni ó yẹ, láàárín mílímítà 900 sí 1,050, kí ó sì bá ti àwọn ìlẹ̀kùn yòókù nínú ilé dọ́gba. Ní àdúgbò wa, a sábà máa ń gbé ìlẹ̀kùn kọ́ kí a tó tẹ́ táìlì. Ẹni tí ó bá wọn láti orí ilẹ̀ gbẹrẹfu, nígbà tí táìlì àti sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ bá dé, hándù yóò ti sún lọ sílẹ̀ ní ìka bíi méjì tàbí mẹ́ta, a ó sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí a tó ṣílẹ̀kùn ilé ara wa.

Lẹ́yìn èyí, kí a fa ìlà kan sí àárín etí ìlẹ̀kùn gan-an, kí a gbé àpótí lọ́ọ̀kì lé e, kí a sì fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀. Kí a mú ẹnu ìlu tí kò nípọn ju àpótí lọ́ọ̀kì lọ, kí a wé téèpù aláwọ̀ mọ́ ọn ní ibi tí ó bá jíjìn àpótí náà mu, kí a má baà lu ju bí ó ti yẹ lọ. Ihò tí ó wà lókè pátápátá àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni kí a kọ́kọ́ lu, kí a tó wá lu èyí tí ó wà láàárín wọn léraléra, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ilẹ̀kẹ̀ nínú okùn. Kí ọwọ́ má gbọ̀n. Nínú ìlẹ̀kùn tí ó nípọn ní mílímítà 40, bí àpótí bá gba 16, igi tí ó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju 12 lọ. Ìlu tí ó bá tẹ̀ sí apá kan yóò yọjú sí òde, kò sì sí ọ̀dà tí yóò bo ojú ọgbẹ́ náà.

Ṣísẹ̀lì ni yóò tún inú ihò ṣe. Ẹ jẹ́ kí á wo ọwọ́ àgbà oníṣẹ́ níbi yìí. Kì í lu òòlù bí ẹni pa ejò. Ẹ̀yìn ṣísẹ̀lì tí ó tẹ́jú ni ó ń kọ sí igi tí ó fẹ́ kí ó ṣẹ́kù, ojú tí ó dagun ni ó ń kọ sí ihò. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó ń gba èèpá jáde ní tínínní-tínínní, ó ń fẹ́ eruku kúrò, ó ń ti lọ́ọ̀kì wò, ó tún ń yọ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Lọ́ọ̀kì gbọdọ̀ wọlé pẹ̀lú ìtì ìka, kì í ṣe pẹ̀lú òòlù. Ẹni tí ó bá fi òòlù gbá lọ́ọ̀kì wọlé ti pa sípíríǹgì inú rẹ̀ lára kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àpótí bá ti jókòó, kí a fi ọ̀bẹ, kì í ṣe pẹ́ńsù, kọ yíká ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà níwájú lọ́ọ̀kì, kí a sì gbẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀n ìnípọn irin náà, kí ó lè bá etí igi dọ́gba. Ọ̀bẹ ń gé iṣan igi kí ṣísẹ̀lì tó dé. Pẹ́ńsù kì í gé nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, kí a gbé lọ́ọ̀kì lé ojú ìlẹ̀kùn, kí a sàmì sí ibi tí ọ̀pá hándù àti kọ́kọ́rọ́ yóò gbà, ní ìhà méjèèjì. Kí a lu ihò dé àárín láti ìhà kan, kí a sì lọ bá a láti ìhà kejì. Ẹni tí ó bá lu ú lẹ́ẹ̀kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, yóò rí i bí igi ṣe fàya ní ẹ̀yìn bí aṣọ tí ó ti gbó.

Kí a kùn inú ihò náà ní fáníìṣì kí a tó ti lọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́. Bí ìlẹ̀kùn bá jẹ́ ìrókò tàbí àpá, igi líle ni wọ́n. Kí a fi ìlu tínínrín ṣí ọ̀nà fún ìṣó onílílọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ọṣẹ gbígbẹ tàbí àbẹ́là ra á lára. Ìṣó onídẹ tètè ń kán nínú irú igi bẹ́ẹ̀. Kí a kọ́kọ́ lọ́ ti irin wọlé, kí a yọ ọ́, kí a tó fi ti idẹ sí ojú ọ̀nà tí ó ti là.

Ó wá ku sílíńdà, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, tí Linus Yale ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ àwárí lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1861. Àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ ni ó tò sínú rẹ̀, tí sípíríǹgì ń tì. Eyín kọ́kọ́rọ́ ni ó ń tì wọ́n padà títí gbogbo wọn yóò fi dúró lórí ìlà kan, ìgbà náà ni sílíńdà tó lè yí. Kí a fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀, kí a yí i díẹ̀ kí ìka irin àárín rẹ̀ lè bọ́ sójú kan, kí a tì í wọlé, kí a sì fi ìṣó rẹ̀ gígùn dè é láti etí ìlẹ̀kùn. Kí ó má ṣe yọ sí òde ju mílímítà 3 lọ. Àárín sílíńdà, níbi tí ihò ìṣó wà, ni ó fẹ́lẹ́ jù. Bí olè bá rí orí tí ó lè fi ẹ̀mú dì mú, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ ẹ.

Ìkẹyìn ni hándù fúnra rẹ̀. Kí a ti ọ̀pá onígun mẹ́rin kọjá, kí a fi hándù méjèèjì sí i, kí a sì fi ọwọ́ mú ìṣó wọn le, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kí a máa tẹ hándù bí a ṣe ń mú un le. Bí ó bá tẹ̀ tí kò padà sókè fúnra rẹ̀, a ti mú un le jù. Kí a dẹ̀ ẹ́ ní ìdajì yíyí.

Férémù, ibi tí ilé ti ń ṣí sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbi yìí, nítorí níbi yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń kánjú kó irinṣẹ́. Olè kì í sábà ja lọ́ọ̀kì. Férémù ni ó ń ja. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta ìlẹ̀kùn, ìṣó kúkúrú méjì tí ó di àwo irin tí ń gba ahọ́n lọ́ọ̀kì mú mọ́ férémù a sì fa igi ya, lọ́ọ̀kì olówó iyebíye náà yóò wà lódindi lára ìlẹ̀kùn tí ó ti ṣí gbayawu.

Kí a mú tìróò tàbí lúlúú èédú, kí a fi kun orí ahọ́n lọ́ọ̀kì, kí a ti ìlẹ̀kùn pa, kí a sì tẹ hándù lẹ́ẹ̀kan. Férémù yóò gba àmì, gẹ́gẹ́ bí ojú ọmọge ṣe ń gba tìróò. Ibi àmì náà ni kí a gbẹ́, kò sí àfojúdá. Kí ihò eyín ńlá, èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tì jáde, jìn tó kí eyín náà lè yọ dé òpin. Eyín tí ó yọ dé ìdajì kò tíì tilẹ̀kùn. Ìṣó àwo irin kò gbọdọ̀ kúrú: mílímítà 75 ni kí a lò, kí ó lè la férémù kọjá dé ara búlọ́ọ̀kù tí a ti lu ihò sí.

Kí a sì kan férémù wò bí a ti kan ìlẹ̀kùn wò. Mo ti tú férémù kan ní ilé kan ní Òkókómáíkò, tí mo bá ìwé àpò sìmẹ́ǹtì tí a ká sí àlàfo tí ó wà láàárín igi àti ògiri, tí a sì fi sìmẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lójú. Irú férémù bẹ́ẹ̀, bí a fi lọ́ọ̀kì ààfin ọba sí i, asán ni. Kí a gbá ìwé náà jáde, kí a fi èèkàn igi líle há ẹ̀yìn ibi tí lọ́ọ̀kì wà, kí a sì fi sìmẹ́ǹtì tí ó lágbára dí i pa.

Hándù róbótó

Iṣẹ́ èyí kò gùn. Ihò ńlá kan tí ó fẹ̀ tó mílímítà 54 ni a ń lu sí ojú ìlẹ̀kùn, àti ihò kékeré tí ó fẹ̀ tó 25 láti etí ìlẹ̀kùn lọ pàdé rẹ̀. Ahọ́n ni a ó kọ́kọ́ fi sí i, kí hándù òde àti ti inú tó tẹ̀ lé e. Kí ojú kọ́kọ́rọ́ kọ sí òde. Fún ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ níbi tí ọmọdé wà, kí a ra èyí tí ó ní ihò bíńtín ní òde tí a lè fi irin tínínrín ṣí, nítorí ọmọ a máa ti ara rẹ̀ mọ́nú, a sì máa gbàgbé ọ̀nà àbájáde.

Ìdánwò, ìtọ́jú, àti ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́

Kí ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí nígbà tí a bá ń dán lọ́ọ̀kì wò. Kí a yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti òde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti inú, kí a sì dán gbogbo kọ́kọ́rọ́ inú páálí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn pa kí ó tó dán an wò, bí lọ́ọ̀kì bá há, fèrèsé ni yóò gbà wọ ilé ara rẹ̀.

Kí a má fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí àdín sí ojú kọ́kọ́rọ́. Epo ń gba eruku, eruku àti epo sì ń di amọ̀ nínú sílíńdà. Lúlúú inú pẹ́ńsù ni oògùn rẹ̀: kí a fi pẹ́ńsù ra eyín kọ́kọ́rọ́, kí a tì í bọ̀ ọ́, kí a yí i ní ìgbà bíi mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ọyẹ́ bá dé, kí a mú ìṣó híńjì àti ti hándù le, kí a sì fi aṣọ ọlọ́rinrin nu iyọ̀ atẹ́gùn kúrò lára irin.

Láti ìgbà tí a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1983, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ti kún Ìyànà-Ìbà àti Òkókómáíkò. Yàrá kan náà a máa gba ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá láàárín ọdún díẹ̀, olúkúlùkù wọn sì lè ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì lẹ́bàá títì fún ọ̀rẹ́. Onílé tí ó bá kùn yàrá ní ọ̀dà tuntun fún ayálégbé tuntun, tí ó sì fi sílíńdà àtijọ́ sílẹ̀, ilé ẹlẹ́nu mẹ́wàá ni ó fi háyà. Sílíńdà nìkan ni kí a pààrọ̀, kì í ṣe gbogbo lọ́ọ̀kì. Ìṣó kan ṣoṣo ni ó dè é mú. Kí onílé sì mọ̀ pé lọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun ìjà tí a fi ń lé ayálégbé: òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ka lílé ayálégbé jáde pẹ̀lú ipá sí ẹ̀ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ ni ó ni àṣẹ ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ju ti olè lọ. Iná kì í kan ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn àbáwọlé tí ó bá ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ láti inú lè di pàkúté fún àwọn tí ó sùn sínú ilé, pàápàá níbi tí irin wà lójú gbogbo fèrèsé. Kí a ra sílíńdà tí ó ní ohun ìyí ní ìhà inú, tí a kò nílò kọ́kọ́rọ́ kí a tó jáde, kí a sì rí i pé ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé mọ bí a ti ń yí i nínú òkùnkùn.

Nígbà tí oníṣẹ́ bá ti parí, kí onílé fúnra rẹ̀ dúró níwájú ìlẹ̀kùn, kí ó tì í, kí ó sì fi ìka méjì péré yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá yí, kí ó san owó oníṣẹ́ pé láìyọ kọ́bọ̀, kí ó sì kí i kú iṣẹ́. Bí ó bá gba pé kí ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn, tàbí kí ó gbé hándù sókè, kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Kí ó dá ìyókù owó dúró títí a ó fi tún férémù wò.